Ìlà Kóòdù Tó Ń Sọ̀rọ̀ fún Ọkọ Mi

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí Ọlọ́run ṣe ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ kún ẹnu mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó létòlétò, torí olùkọ́ ni mí, bí mo tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ mọ ọkọ mi, Daddy Bùsáyọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n kò gba òye wọn. Ọmọ wa Bùsáyọ̀, tó ń gbé ní Gbàgádà, ra pátákó kékeré kan fún wọn, tó ní bọ́tìnì ńláńlá. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì kan, kọ̀ǹpútà á sọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ jáde. Èmi ni mo ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀, nítorí náà ohùn mi ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún mi!

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ bàjẹ́, èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò dá pátákó náà mọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe pátákó sì ti kógbá sílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Mummy, èyí ti parí o. Owódé Onírin, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ló kù kẹ́ ẹ gbé e lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí ọkọ mi ń tẹ bọ́tìnì tí kò sí ohùn kankan, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Bùsáyọ̀ ló ṣàlàyé fún mi pé ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yìí, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ayé ló jọ ń kọ ọ́. Àárín gbùngbùn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì, ló máa ń dá ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ ọn mọ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sí i, bí àwọn ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ bá gbà á wọlé.

Ó ní kí n kọ ọ́ fúnra mi: "Mummy, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ odindi Kétu ní fisíìsì, kí lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run là mí lójú. Kóòdù mi kúrú, ó sì ṣiṣẹ́. Ọkọ mi tún ń sọ̀rọ̀.

Àmọ́ gbogbo ìgbà tí àtúnṣe tuntun bá wọ kọ̀ǹpútà, á pa tèmi rẹ́, pátákó á tún yadi. Ìyẹn ló ń já mi láyà. Bí èmi bá kọ́kọ́ lọ, ta ni yóò máa tún un ṣe fún wọn? Àfi kí kóòdù náà wọ inú kánẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ayé jọ ń lò. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá náà nípa ímeèlì.

Ọ̀gá kan ní òkè òkun dáhùn. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n ìlà kan wà níbẹ̀ tí kò wúlò, kí n yọ ọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, ta ni èmi? Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí." Mo yọ ìlà náà, n kò dán an wò, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n gbà á, wọ́n kó o mọ́ àwọn tí yóò wọlé. Mo jó yí ilé ká.

Lẹ́yìn náà ni mo tó fi kóòdù náà sínú kọ̀ǹpútà tiwa. Ọkọ mi, tí í ṣe ọmọ Àgbòyí, ìlú àwọn apẹja, tẹ bọ́tìnì ẹja. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀: "Mo fẹ́ ẹja. Mo fẹ́ ẹja. Mo fẹ́ ẹja." Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, kò dákẹ́. Àṣé ìlà tí mo yọ ló máa ń sọ fún un pé ọwọ́ ti kúrò! Alhaja, aládùúgbò wa, pariwo láti ojú fèrèsé: "Mummy Bùsáyọ̀, ta lẹ̀ ń bẹ̀ báyìí? Ẹ wá mú nínú tèmi jàre!" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Ó di dandan kí n kọ̀wé sí ọ̀gá pé ohun tí wọ́n sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí inú bá bí wọn, tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù ńkọ́? Mo sáré lọ bá Mummy Adéògún, aṣáájú ẹgbẹ́ aládùúrà wa ní Ìkòsì. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Kóòdù ò yé mi o, ṣùgbọ́n ojúrere yé mi." A kúnlẹ̀, a gbàdúrà gidi. Bí a ṣe dìde, wọ́n ní, "Ó yá, ẹ lọ kọ̀wé yín. Àdúrà ò ní bá yín tẹ̀ ẹ́."

Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo jẹ́wọ́ pé n kò dán an wò kí n tó gbà, mo sì sọ ọjọ́ orí mi kí wọ́n lè ṣàánú mi. Ará, ẹ wo iṣẹ́ Olúwa! Ọ̀dọ́mọkùnrin lásán ni ọ̀gá náà. Ó ní òun ló ṣì í, ó sì dúpẹ́ pé mo wí; òun kò ní pátákó yẹn lọ́wọ́, èmi tí mo ní i ló lè mọ̀. Ó ní kí n má pe òun ní sà mọ́, ìyá òun pàápàá kò dàgbà tó mi! Ó dá ìlà náà padà.

Nígbà tí àtúnṣe tuntun tún wọ kọ̀ǹpútà wa, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọkọ mi tẹ bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́: "Ẹ káàárọ̀." Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Bí Olúwa bá pè mí lónìí, ọkọ mi á ṣì máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì ní irú pátákó yìí níbikíbi láyé, tiẹ̀ náà á fọhùn.

Gbogbo ògo, ti Ọlọ́run ni. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá Daddy yọ̀. Mo sì bẹ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́gbọ́n lára mi: ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé bẹ́ẹ̀ ni nípa ohun tí ẹ kò tíì dán wò. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ wí òótọ́ fún wọn. Ọ̀wọ̀ ni ìyẹn náà.