Eérú Tí Mo Dì Fún Ìyá Duệ

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún mẹ́rin. Bí mo bá tún gbé e mì lónìí, ẹnì kan máa gba irọ́ mi gbọ́ wọ ibojì, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Mi ò kàwé púpọ̀, kíláàsì karùn-ún ni mo dé, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá ń kọsẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Lụa ni orúkọ mi. Yàrá ni mo ń tún ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan lórí òkè Tam Đảo, mo sì ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún.

Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n dé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ìgbà tí àwọn tọkọtaya máa ń ti Hà Nội gòkè wá wo ìkúùkù. Khoát ni ọkùnrin náà ń jẹ́, obìnrin náà ń jẹ́ Thục. Wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Obìnrin náà gbé nǹkan kan tó di sínú aṣọ pupa mọ́ àyà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbà á. Àwọn àlejò wa a máa du yàrá tó kọjú sí àfonífojì. Àwọn wọ̀nyí ní àwọn fẹ́ èyí tó kọjú sí kọ́nà títì, níbi tí èèyàn kò ti rí nǹkan kan ju ọgbà ẹ̀fọ́ su-su àti mọ́tò tó ń gòkè lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Lụa," ni Ngoan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wí níbi tá a ti ń fọṣọ, "ẹ gbà mí gbọ́, ìyẹn kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Ọkọ ọlọ́kọ ló gbé sá."

"Ẹni tó ń yan àlè ló ń fajú ro báyẹn? Wọn ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Á jẹ́ pé wúrà ló wà nínú aṣọ yẹn. Ẹ lọ wò ó. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kọ́kọ́rọ́."

Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi ni mo gbé ẹ̀fẹ̀ náà sùn. Láti kékeré ni ohun tí kò kàn mí ti máa ń yún mi lọ́kàn. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n gbé ẹrù náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí kọ́nà nínú kùrukùru, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó padà. Ní ọ̀sán, wọ́n gbé e sórí àga kẹta, wọ́n ní kí n gbé abọ́ mẹ́ta wá. Obìnrin náà bu ìrẹsì sí abọ́ kẹta. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ẹ sọ fún mi, ta ni ojú rẹ̀ kò ní lọ síbẹ̀?

Nígbà tí wọ́n gbé e padà sí yàrá, tí wọ́n sì lọ ra èso ní ọjà ìsàlẹ̀ òkè, mo kó táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, mo wọlé. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n wá. Mo tú kókó aṣọ náà. Abọ́ tùràrí ni, eérú kún inú rẹ̀, kùkùté tùràrí mẹ́ta sì dúró sí i.

Ó yé mi kíá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kú sí ojú títì, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń dúró sí, àfi bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá gbé abọ́ tùràrí wá pè é. Bí ó bá ti wọnú rẹ̀, ọwọ́ àjèjì ò gbọ́dọ̀ kan abọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n. Ti ìyá ọkọ mi náà wà lórí pẹpẹ nílé. Mo sáré gbé e kí n tún un dì. Ẹsẹ̀ dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yíjú. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ sí mẹ́ta.

Ìgbálẹ̀ tí mo fi ń gbá ilé ìwẹ̀ ni mo fi gbá ọmọ ọlọ́mọ. Mo dà á sínú ọ̀rá, mo bò ó mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀fọ́ su-su. Mo ra abọ́ tó jọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì. Ṣùgbọ́n eérú ńkọ́? Eérú ààrò dúdú jù, ojú ìyá á mọ̀ ọ́n. Ni mo bá gun alùpùpù lọ sílé. Ọkọ mi wà lóko. Mo na ọwọ́ sí pẹpẹ wa, sínú abọ́ tùràrí ìyá ọkọ mi, mo sì bù títí ó fi tó. "Ìyá, ẹ má bínú," ni mo wí, bí ẹni tó wá yá iyọ̀. Kí wọ́n tó dé, mo ti di kókó náà padà.

Ká ní mo dúró níbẹ̀, bóyá àforíjì á rọrùn. Àfọwọ́fà ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló tì mí. Èyí tó kàn ni ẹ̀rù ò tì mí sí.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Thục pè mí. "Àbúrò mi, ṣé ẹnì kankan wọ yàrá wa lánàá?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Kí ìyá mi tó wà ní ibojì gbọ́ mi."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní Duệ ni ọmọ wọn, ẹyọ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Alùpùpù ló gbá a sí kọ́nà yẹn. Ní gbogbo kọ́nà àti afárá ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa pè é títí dé Hà Nội, kó má baà ṣìnà. "Àwa méjì péré la wà. Bá wa pè é ní ti àkọ́kọ́. Bí ohùn bá pọ̀, á gbọ́."

Mo bá wọn lọ. Láti kọ́nà náà, mo ń wo ọgbà su-su. Mo mọ ibi tí ọmọ náà wà. Mo la ẹnu, mo sì ké pé, "Duệ o! Tẹ̀lé ìyá rẹ lọ sílé o!" Ẹ̀ẹ̀mẹta. Thục dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́. Èyí ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe láyé mi.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń pè mí lórí fóònù lọ́dọọdún. "Láti ìgbà tí Duệ ti wálé ni ọkọ mi ti ń rí oorun sùn." Ọkọ tèmi ńkọ́? Òun ń jí lójijì, á ní, "Màmá mà tún wá lójú àlá o. Wọ́n ní àwọn ò sí nílé." Èmi á yíjú sí ògiri.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Thục tún pè. Ẹ̀dọ̀fóró Khoát ti bàjẹ́, àwọn dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ sílé. "Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà á," ni Thục wí. "Ó ní Duệ ń dúró de òun nínú ilé."

Mi ò lè gbà á mọ́. Ó máa kú, á wá ọmọ rẹ̀, ìyá àgbà kan láti Tam Đảo ni yóò bá níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, láìmí.

Thục ní, "Ìyá ọkọ rẹ. Kí ni wọ́n fẹ́ràn láti jẹ?"

"Ọbẹ̀ ìgbín odò," ni mo wí. "Ìrẹsì rírọ̀. Wọn ò léyín."

"Ọdún mẹ́rin," ni Thục wí, "ọdún mẹ́rin la ti ń gbé adìyẹ díndín fún wọn." Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ le. "Lọ wa ọmọ mi jáde. Máa gbé e bọ̀. Ní gbogbo kọ́nà, kí o pè é, kí o sì pè é dáadáa. Ọkọ mi ṣì ń mí."

Mo ti sọ fún ọkọ mi ní àárọ̀ yìí. Ó lọ jókòó síwájú pẹpẹ. Mo ti gbẹ́ ilẹ̀ náà, erùpẹ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀ ju eérú lọ, mi ò mọ èyí tó jẹ́ Duệ, gbogbo rẹ̀ ni mo kó. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe, ẹ jẹ́ kí kókó ẹlẹ́rù wà bí ẹ ṣe bá a. Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá mi bẹ ọmọ náà. Ó gbọ́ ohùn mi nígbà kan, irọ́ ni mo fi pè é. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó gbà mí gbọ́ lónìí.