Eyín Ẹṣin Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, èmi ni mo sì fà á. Yìgì ọmọ àbúrò ti sún mọ́lé, ẹ̀gbọ́n ní òun ò ní débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Karmo ni mo ń gbé níbí l'Ábújà. Mo máa ń fọ agbárí ẹran fún àwọn tó fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀: agbárí tí mo bá fọ̀ kì í rùn, á funfun bí àwo tánganran.

Alhaji kan, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní Garki, gbé orí ẹṣin bàbá wọn tó ti dolóògbé wá. Ràímì, àbúrò wọn, ló tọ́jú ẹṣin náà nílé títí tó fi darúgbó kú.

Mo rẹ ẹ́ sómi kí ẹran ara rẹ̀ lè jẹrà kúrò. Eyín a máa bọ́ sínú omi yẹn, asẹ́ la sì fi ń sẹ́ ẹ ká tó dà á nù. Àmọ́ òórùn ń yọ àwọn ará ilé lẹ́nu, wọ́n ń pariwo, mo kàn dà á sí gọ́tà. Gbogbo eyín iwájú bómi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Mo ní egungun ẹṣin mìíràn nílé. Mo yọ eyín tirẹ̀, mo rẹ́ ẹ, mo fi gọ́ọ̀mù tò ó. Àfi bíi pé ibẹ̀ ló ti hù! Alhaji rí i, omi bọ́ lójú wọn. Orí mi wú.

Ọjọ́ tí mo lọ gbé e kọ́ ní pálọ̀ wọn ní Lugbe, ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń sin ẹṣin wo ẹnu rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Alhaji, ẹṣin ọmọdé lèyí o! Àbí búrọ́ọ̀ṣì ni ẹṣin bàbá yín fi ń fọ ẹnu?"

Àṣé eyín ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ẹṣin. Èmi ò mọ̀. Èyí tó dán ni mo ṣà.

Alhaji pe àbúrò wọn lórí fóònù lójú wa. "Ràímì, ta lo ta ẹṣin bàbá wa fún, tó o fi gbé orí ẹṣin mìíràn fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi Kùránì búra, òun náà ni!"

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́." Wọ́n pa fóònù.

Mi ò jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó burú jù nìyí: inú mi tún ń dùn pé wọ́n wo eyín náà títí, wọn ò rí ojú ibi tí mo ti lẹ̀ ẹ́.

Bí mo bá fa ẹyọ kan yọ lójú Alhaji, wọ́n á rí gọ́ọ̀mù nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Àmọ́ mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó dára tó èyí rí, ọwọ́ ara mi ni n ó sì fi bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, báwo lẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀?