Àlùkò Tí Ọ̀gá Ní Íńkì Ni

Ọkọ yín, màmá wa, ọkọ yín! Ọ̀gá mi ni wọ́n níléeṣẹ́ omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọn ni mo wá rò, mi ò sì ní lọ títí n ó fi rò ó tán!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ya àwòrán ìlú sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fi sùn pé páìpù bẹ́, mo fi àmì pupa róbótó sí òpópónà rẹ̀. Ẹni tó ní omi ò dé, mo fi búlúù. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀sùn òpópónà kan, orí ara wọn ni wọ́n ń bọ́ sí, tí mo bá wá kùn wọ́n kíki, ṣé kì í ṣe èyí tó wà lókè nìkan la ó rí? Ni mo bá jẹ́ kí àwọ̀ wọn fẹ́lẹ́. Ẹ wo aṣọ ojú fèrèsé yín yìí: ìpele kan, ẹ ń rí ìta; ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ki! Bẹ́ẹ̀ làmì mi náà rí. Ibi tí ẹ̀sùn bá pọ̀ sí ló ń ki sí i, ibi tí pupa bá sì gorí búlúù, ó di àlùkò. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àwọn agbẹ́lẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ́, kí wọ́n tún páìpù ṣe! Ó yé yín, àbí? Ẹ̀yin tí ẹ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí!

Mo tẹ àwòrán náà sórí ìwé, ọkọ yín wo àlùkò mi, wọ́n ní íńkì ló ń jò. Íńkì! Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, ó tú u palẹ̀, ó nù ún, ó tò ó padà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, àlùkò tún yọjú! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú u, màmá wa, íńkì kun ún dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, inú ń bí mi!

Mo ní kí n lọ jẹun díẹ̀, àṣìṣe mi nìyẹn. Kí n tó dé, ọ̀gá ti jókòó sídìí iṣẹ́ mi, wọ́n ti mú kí gbogbo àmì ki bákan náà, wọ́n ní ó ti mọ́ wàyí. Ó mọ́ lóòótọ́! Òpópónà tó ní ọgọ́ta ẹ̀sùn di àmì kan ṣoṣo, bíi ti bàbá àgbà ẹ̀yìn ọ́fíìsì wa tó fi ẹ̀sùn kan péré sùn, pé ẹnu ẹ̀rọ omi òun ń kán tó, tó, tó. Wọ́n ní nígbà tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, kí àwọn agbẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tó sún mọ́ ọ́fíìsì, lọ́la! Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá?

Òpópónà wo ló ní ọgọ́ta ẹ̀sùn? Ẹ tún ń béèrè! Òpópónà yín yìí mà ni! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ pè wá lẹ́ẹ̀marùn-ún, èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkọ yín ti fọwọ́ ara wọn nu ilé wọn nù!

Háà, ẹ mà ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti kó ẹ̀rín ran èmi náà! Ẹ má bá wọn jà o. Bí wọ́n bá dé, tí wọ́n béèrè omi ìwẹ̀, ẹ gbé àwòrán mímọ́ tí mo mú wá yìí lé wọn lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n fi wẹ̀!