Òpó Ìyá Mi

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má ṣàánú mi jù. Arúgbó obìnrin tó kàwé ni mí. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Nígbà tí àwọn ará Ọ̀jọ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wa àtijọ́, wọ́n ń dá owó òpó ìrókò, orúkọ ẹni tó sanwó ni wọ́n sì fi ń pe òpó. Àdí àgbọn ni ìyá mi tà tó fi ra òpó ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Bísí, ọmọ ẹlẹ́ja tí a jọ dàgbà, di olówó ní Ajangbadi. Òun ló gba àfẹ́sọ́nà mi nígbà èwe wa. Nígbà tó fẹ́ tún ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe, ó sọ níwájú àwọn àgbà pé owó ìyá òun wà nínú òpó yẹn.

Mo ní, “Irọ́ ni! Ìyá mi nìkan ló san án.”

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Irọ́ kékeré yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Bísí rẹ́rìn-ín. “Kò tó ìjà. Màá gbẹ́ orúkọ sára òkúta, wàá rí i.”

Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó iṣẹ́. Bàbá Káfíńtà kìlọ̀ fún mi: “Màmá, ikán ti jẹ òpó yìí nínú. Igi tí mo fi tì í ló gbé òrùlé dúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ o, kí n tó ra òpó mìíràn dé láti Okokomaiko.”

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bísí máa ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà, mo ní kí àwọn lébírà yọ igi náà, pé ó ń ba ojú ilé jẹ́. Mo mọ̀ pé òrùlé lè wó. Mo mọ ẹni tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ti fi aṣọ bo òkúta náà lára òpó. Bísí pè mí: “Arúgbó oníjà, wá ká jọ ṣí i! Àbí ojú ń tì ọ́?”

Ó kù díẹ̀ kí n ké pé, “Kúrò níbẹ̀!” Ojú tì mí. Kí ni ǹ bá sọ pé mo fi mọ̀?

Mo ní, “Ìwọ lo ni òkúta. Dá a ṣí.”

Ó fi ọwọ́ kan ti òpó, ó fa aṣọ. Òpó kán, òrùlé já.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, òkúta náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀. Orúkọ ìyá mi ló ṣáájú. Ti ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà yẹn ṣì ń dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tẹ̀lé mi. Bí ẹ bá ti dẹ pàkúté fún ọmọnìkejì yín tán, tí ìtìjú sì dì yín lẹ́nu, ẹ ṣáà ké. Ìtìjú kì í pa ènìyàn. Ẹnu tí mo dì ló pa Bísí.