Àwọn Taya Ẹ̀yìn Tí Mo Gbé Pamọ́

Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ọkùnrin kan yóò dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn mẹkáníìkì ní Ibafo, yóò sì tọrọ àforíjì fún olè tí kò jà. Èmi ni ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ láti bá òun bẹ̀bẹ̀. Èmi náà sì ni mo mọ̀ pé kò jalè, nítorí èmi ni mo ba ohun tí wọ́n ní ó jí jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́jọ nínú mi. Ìyàwó mi kú, n kò sọ fún un. Mo ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin báyìí, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, n kò ní sọ ọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Mo kàwé. N kò sọ ọ́ láti fi ṣakọ. Òun gan-an ni ó jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi tóbi. Ní ìgbà tiwa, nígbà tí wọ́n ṣì ń fún wa ní ẹran adìyẹ ní yunifásítì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí wọ́n sì ń bá wa fọ aṣọ, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kọ́. Mo ṣì ń rántí òórùn òróró inú yàrá ẹ̀rọ wa. Mo ń rántí olùkọ́ wa kan, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó máa ń kó agolo mílíìkì méjì wá sí kíláàsì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí wọn lára, á yí wọn láti etí tábìlì kan dé èkejì. Àwa á máa ka iye ìgbà tí àmì náà bá kan igi. Kékeré á yí ju ńlá lọ. "Ẹ so méjèèjì mọ́ ara wọn," á wí, "kí ẹ wá wo èyí tí yóò kọ́kọ́ kú." A máa ń rẹ́rìn-ín gan-an.

Nítorí náà, n kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, mo kó wá sí Mowe, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá títì márosẹ̀. Taya àti ríìmù tòkunbọ̀ ni mo ń tà. Láti Asese títí dé Ibafo, Bàbá Injinia ni gbogbo mẹkáníìkì ń pè mí. Bí ọ̀rọ̀ mọ́tò bá ta kókó, wọ́n á ní kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo bá sọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń dá mi lẹ́jọ́: mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kọ́lá. Arepo ló ń gbé, Èkó ló ń lọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó ra jíìpù kan, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fa taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ìdí ẹ̀ kún," ó wí. "Kí wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin ló ń kọjá."

Taya méjì kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, fífẹ̀, tó jókòó sórí ríìmù tó ń dán. Méjì péré ni wọ́n kó wá láti òkè òkun, ìyókù kò bá wọn wá. Ojú Kọ́lá lọ sára wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kì í ṣe fífẹ̀ nìkan ni wàhálà. Taya tó bá fẹ̀ sí i máa ń ga sí i pẹ̀lú, àfi bí èèyàn bá fara balẹ̀ wá èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú. Méjì yìí ga ju ti iwájú lọ, kì í ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi rí i. Èyí tó ga kì í yí tó èyí tó kúrú. Nínú mọ́tò tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń fà, kò sí ewu. Nínú jíìpù yìí, ohun kan wà láàárín, nínú gíá, tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Bí iwájú bá ń yára ju ẹ̀yìn lọ láti Arepo dé Èkó, ní àlọ àti ní àbọ̀, ohun náà kò ní sinmi. Yóò máa gbóná títí yóò fi jóná.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Mo ní, "Kọ́lá, ṣé o ò rò pé ká wá mẹ́rin tó dọ́gba?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Injinia, méjì yìí ni mo fẹ́. Tí ẹ bá ti ní ó dáa, ó dáa nìyẹn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀."

Àwọn èèyàn dúró tì wá. N kò fẹ́ kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Mo ní ó dáa.

Kò pẹ́ tí jíìpù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí ó bá ń yí kọ́nà, á máa fà bí ẹran tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Kọ́lá gbé e lọ bá Múfú ní Ibafo. Ará Ṣakí ni Múfú, mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, yàrá kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ háyà. Ó tú gíá, kò rí àléébù kan, ó pààrọ̀ òróró rẹ̀, ó sì dì í padà. Ó rí i pé taya kò dọ́gba. Ó béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, ó panu mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà: "Mo ní bí Bàbá Injinia bá ti fọwọ́ sí i, ta ni mo jẹ́?"

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, jíìpù náà kú sí Asese.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni ó ṣòro fún mi jù láti kọ.

Nígbà tí Kọ́lá pè mí, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo gbé àwọn taya ẹ̀yìn rẹ̀ àtijọ́, tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì lọ bá a níbẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a tọ́jú ríìmù tó ń dán yẹn, kí àwọn ọmọ ìta má baà tú u lọ. Mo tú wọn fúnra mi, mo fi ti àtijọ́ sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ́ jíìpù náà dé Ibafo, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dọ́gba. Nígbà tó yá, mo fún un ní òmíràn dípò wọn, mo ní ríìmù yẹn ti sán. Títí di òní, wọ́n wà lẹ́yìn ilé mi lábẹ́ tapólì.

Mẹkáníìkì mìíràn tú gíá náà níwájú gbogbo ẹgbẹ́ mẹkáníìkì Ibafo. Inú rẹ̀ ti jó, irin rẹ̀ ti rún. Ó ní irin yìí ti gbó ju mọ́tò lọ, pé ẹnì kan ti yọ ti inú rẹ̀ tà, ó sì ti fi àlòkù rọ́pò rẹ̀. Múfú nìkan ló sì ti tú u rí.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Alága wọn ní, "Injinia, ẹ bá wa wò ó. Ṣé gíá mọ́tò tí ò tíì pẹ́ lè dà báyìí fúnra ẹ̀?"

Mo wo irin náà. Mo ní, "Kò lè dà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀."

Wọ́n pariwo. Ẹnì kan ní, "Ọmọ Ṣakí, ṣé ilé lo gbé e lọ tà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Múfú kúnlẹ̀ sínú òróró ilẹ̀. Kò tilẹ̀ dárúkọ taya, nítorí èmi ni mo fọwọ́ sí i. "Bàbá Injinia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. N kò sọ̀rọ̀.

Wọ́n lé e kúrò. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kó fún Kọ́lá dípò gíá tó bàjẹ́. Kọ́lá fẹ́ pe ọlọ́pàá, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà láti má pè wọ́n. Àánú ni wọ́n pè é. Ẹ̀rù ni, kí ẹni tó gbọ́n má baà wádìí rẹ̀. Múfú di ẹsẹ̀ mi mú lọ́jọ́ náà, ó ń sunkún, ó ní èmi ni bàbá òun.

Láti ìgbà náà, Ifo ló wà, ọ̀kadà ló ń gùn. Gbogbo ọdún Iléyá ni ó máa ń gun ọ̀kadà náà wá sí Mowe láti gbé ẹran wá fún mi. N kò jẹ ẹ́ rí. Mo máa ń pín in fún àwọn ará àdúgbò bí ó bá ti yí ẹ̀yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá, kì í ṣe àsìkò ọdún. Ó ti rù. Eruku àti òjò ọ̀kadà ti wọ̀ ọ́ láyà, ikọ́ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ geere. Ó ní òun fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ òun. Alága ti ní àwọn lè fún òun láàyè, bí òun bá jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ní ìpàdé Sátidé.

"Mo ti gbà, Bàbá," ó wí. "Màá ní èmi ni mo jí i."

Mo bi í pé, "Ṣé o jí i ni?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Bàbá, tí mo bá jí i, ṣé ọ̀kadà yìí ni ẹ ó bá mi lórí ẹ̀?" Ó wá ní, "Ẹ ṣáà tẹ̀ lé mi. Tí wọ́n bá ti rí yín, wọ́n á dárí jì mí."

Mo ní màá tẹ̀ lé e. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ó ṣe ń lọ, ó yà padà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ òun lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé mo kàwé, kí n jọ̀ọ́ bá òun kọ ìjẹ́wọ́ náà sílẹ̀, kí òun lè kà á fún wọn.

Mo mú bírò ní àárọ̀ yìí láti kọ ọ́ fún un. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sókè, mo fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tí ẹ ń kà yìí ni mo kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i kí Sátidé tó dé. Ṣé kí n lọ bá a ní Ifo, kí n kà á fún òun nìkan, kí ó bínú sí mi bó ṣe wù ú? Àbí kí n jẹ́ kí ó dúró tì mí ní Ibafo, kí gbogbo wọn sì jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà?