Dókítà Tí Ò Mọ Álífù

Rárá o, Bọ̀ọ̀dá Ṣàràfá, mi ò ní fún Bàbá ní oògùn yẹn! Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo tì í mọ́ láti ìjẹta, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ rèé nídìí ìró mi. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìṣẹ́jú mélòó ni dókítà yín fi wo Bàbá? Ẹ̀yin lẹ gbé wọn kúrò ní Ìfọ̀ níbí lọ sí ọ́sípítù ní Ìbàfò, èmi náà sì wà níbẹ̀, ojú mi méjèèjì là kedere. Kò gba ẹ̀jẹ̀ wọn, kò ya fọ́tò orí wọn, kò tiẹ̀ ní kí wọ́n tọ̀ sínú ike. Ó ní kí wọ́n rìn lọ kí wọ́n rìn bọ̀, ó ká wọn lápá, ó nà án, ló bá ní Pákínsìn ni. Pákínsìn! Pé nǹkan kan ló ń tán lọ nínú ọpọlọ wọn, pé kò ní lọ mọ́ láéláé, oògùn kàn máa bá wọn dẹ̀ ẹ́ lára ni. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò nìyẹn?

Ó wá ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn. Bàbá wa, tó ti ń kọ́ ọmọ ní kéú nílùú yìí kí wọ́n tó bí yín, wọ́n kọ orúkọ wọn ní lárúbáwá, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́. Dókítà gba ìwé, ó ní ìkọ̀wé yìí ti kéré jù, pé ọ̀kan lára àmì àìsàn náà nìyẹn. Wàláhì, ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín! Dókítà tí ò mọ álífù yàtọ̀ sí bàá, tó dorí ìwé kodò tó ń wò ó! Ta ló sọ fún un bó ṣe tóbi tẹ́lẹ̀? Ẹ̀yin náà wá ń mi orí bí alángbá.

Kí n má pariwo? Ṣé mo pariwo ni? Ẹ gbọ́ ohùn mi dáadáa. Látọjọ́ tá a ti dé, mi ò pariwo, mi ò sunkún. Mò ń lọ ata, mò ń fọṣọ, ara mi kàn kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Sùwéébátù ìyàwó yín kí mi kú ìtọ́jú Bàbá, mo ní ó ṣé, bí ẹni tí wọ́n kí kú ọjà.

Ọwọ́ wo ló sì ń gbọ̀n? Ọwọ́ tẹ̀sùbáà! Ọdún méjì gbáko ni àtàǹpàkò wọn fi ń yí lórí ìka, tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé ẹ wo Ààfáà, wọn kì í sinmi orúkọ Ọlọ́hun. Èmi gan-an ń fi fọ́nnu ní àsàlátù. Àwọn ọmọ kéú ń sín wọn jẹ. Ṣé àìsàn la wá ń fi yangàn látọjọ́ yìí? Ẹ dá mi lóhùn!



Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mi ò sọ fẹ́nì kankan. Lánàá, Bàbá jókòó níta, mo rọra gba tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn, mo ní mo fẹ́ bá wọn fọ̀ ọ́. Ọwọ́ ò dúró. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, Bọ̀ọ̀dá mi, ọwọ́ ń yí lọ. Mo ní, Bàbá, kí lẹ̀ ń kà? Wọ́n wo ọwọ́ náà bí ọwọ́ ẹlòmíì. Wọ́n ní, “Làtífà, mi ò ka nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti ka nǹkan kan.”

Mo wọlé, mo lọ wo wàláà tí Bàbá fọwọ́ ara wọn kọ fún mi nígbà wòlímọ́tù mi, lọ́jọ́ tí mo parí kéú, èyí tó wà lára ògiri. Mo gbé ìwé ọjọ́ ọ́sípítù, tí mo gbà padà lọ́wọ́ dókítà, sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ìkọ̀wé wọn ti kéré sí i lóòótọ́. Dókítà ò mọ álífù, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n, Bàbá ló kọ́ mi.

Kọ́kọ́rọ́ rèé, ẹ gbà. Ẹ lọ mú un jáde fúnra yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó padà sí Arepo, ẹ sọ fún mi: kí wọ́n tó jẹun ni wọ́n máa lò ó, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?