Ìbàmú Ìyá Lórí Bébà

Láyé òyìnbó, lọ́dún tí mo bí àkọ́bí mi, mo ń fún un lọ́mú níbi tí a ti ń dúró de lọ́rì ní Ọ̀tà, nígbà tí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó tì mí.

Ìyá ní, "Ọkọ mi, bàbá rẹ ní bí n kò bá rí ohun tí ò ń kọ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ òun lo máa padà sí o."

Ọmọ fa bébà kan yọ. "Ìyá mi, ojú yín ni mo gbẹ́ sára pákó, tí mo fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Mo gbàgbé pé tí a bá tẹ̀ ẹ́, òsì á di ọ̀tún. Ilà ìbàmú yín ti bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ẹ má bínú, màá sun ún."

Ìyá nu ọwọ́ nù sára ìró, ó gbà á. "Sun kí ni? Bí mo ṣe ń rí ara mi nínú dígí nìyí. Èyí tí ẹ̀yin ń rí yẹn, èmi ò rí i rí láyé mi."

Ó wò ó títí.

"Ká a dáadáa. Èmi ni màá gbé e lé bàbá rẹ lọ́wọ́. Kí òun náà wá wo ìyàwó rẹ̀ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń wo ara rẹ̀."